Òkúta Tí A Pè Ní “Wọ́n”

Ọwọ́ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà níwájú ọkọ̀ òfuurufú náà là sílẹ̀ yí òkúta ká, wọn kò sì dì mọ́ ọn. Sùúbérù tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá pátákó ìwakọ̀ bí ẹni tó ń jí ọmọ tí oorun wọ̀ lára.

“Ẹ jọ̀wọ́,” Akọ̀wé wí láti inú ẹ̀rọ agbóhùn ọkọ̀ náà, ohùn rẹ̀ tutù bí ìgbà tó bá ń kí èèyàn káàárọ̀, “ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.”

“Àwọn wo? Èmi àti òkúta nìkan la wà níbí.”

“Àwọn náà ni mò ń sọ. Ẹ̀gbọ́n Ayé ni wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkọ̀ sún sẹ́yìn ní àádọ́ta mítà.”

Sùúbérù gbé rédíò. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ bá mi bá ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀. Ó ní òkúta wa ti di àgbàlagbà.”

Abídèmí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti Àgbékọ́, ìlú irin wọn tó léfòó láàárín Máàsì àti Júpítà. Ó jókòó nínú yàrá tó ti ń ka òkúta láti ọdún mẹ́tàlélógún, ó fi ìka méjì tẹ ìpéǹpéjú rẹ̀. Láti ìgbà tí akẹgbẹ́ rẹ̀ ti padà sí Máàsì ní ọdún méjì sẹ́yìn, iṣẹ́ ẹni méjì ló ń ṣe. Kò sí ẹni tó ń bá a ka ohun tó kọ kó tó bọ́ sọ́wọ́ Akọ̀wé, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ìwé ìlú, tó sì di ìjánu gbogbo ọkọ̀ mú.

“Òkúta wo?” ó bi í.

“Ẹ̀gbọ́n! Èyí tí gbogbo ìlú ń dúró dè ni. Méje-ọ̀kan-mẹ́rin. Oníyìnyín.”

Abídèmí ṣí ìwé òkúta. Ohun tó kọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tó wo òkúta náà láti òkèèrè, wà níbẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀:

*Méje-ọ̀kan-mẹ́rin. Ó tutù. Yìnyín pọ̀ nínú rẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ó jọ òkìtì. Hóró funfun pọ̀. Wọ́n ti wà kí Ayé tó wà.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kẹta, ojú rẹ̀ dúró sórí ọ̀rọ̀ kan.

“Wọ́n ni,” ó wí.

“Wọ́n ni kí ni?”

“Mo ní ‘wọ́n’ ni.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Àwọn wo ló ṣe kí ni?”

“Sùúbérù! Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ni ‘wọ́n’. Mo kọ ọ́ sínú ìwé.”

Sùúbérù bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. “Ẹ kọ ‘wọ́n’ fún òkúta tí à ń bọ̀ wá lọ̀ fún omi mímu?”

Lórí ògiri tó dojú kọ Abídèmí, òfin náà wà nínú férémù irin, bó ṣe wà nínú gbogbo yàrá ìkàwé òkúta láti Máàsì títí dé àwọn òṣùpá Júpítà: *Òkúta tí kò yọ́ rí, tí kò sì fọ́ rí, láti ìgbà tí agboolé Òòrùn ti wà lórí ìkọ́lé, ẹ̀gbọ́n Ayé ni. A kì í lọ ẹ̀gbọ́n.* Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń fi èdè tirẹ̀ kọ ìwé òkúta. Ní Àgbékọ́, a kì í fi àmì pupa tàbí nọ́ńbà ya ẹ̀gbọ́n sọ́tọ̀. Òkúta lásán ni “ó”. Ẹ̀gbọ́n ni “wọ́n”.

“Akọ̀wé,” Abídèmí wí, “wo ìlà kan náà yẹn. ‘Ó tutù.’ ‘Ó jọ òkìtì.’ Ṣé o kò rí i pé ‘ó’ ni mo ń pè é bọ̀?”

“Mo rí i, Màmá. Àpọ́nlé yí padà láàárín àkọsílẹ̀. Nígbà tí a kò bá mọ ipò ẹni, àpọ́nlé tó ga jù là ń lò.”

“Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá. Ìgbìmọ̀ tó kọ ìlànà fún mi, ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Orúkọ yín ló ṣe ìkejì.”

Sùúbérù wúkọ́ nínú rédíò. Abídèmí mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń gbé mì.

“Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ nìkan ló lè túmọ̀ rẹ̀,” Akọ̀wé ń bá a lọ. “Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Nígbà tí ẹ kọ ‘wọ́n’, ṣé púpọ̀ lẹ ní lọ́kàn, àbí àpọ́nlé? Ẹ ní ọjọ́ méjì. Tí ọjọ́ méjì bá kọjá, ìwé á lọ sí Máàsì fún àtúnyẹ̀wò.”

“Ìyẹn á tó ìgbà wo?”

“Èyí tó yá jù lọ gba oṣù mẹ́jọ.”

Ìdáhùn ti dé ètè Abídèmí. Ó gbé e mì. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, “ó jọ òkìtì” ló wà nínú ìwé, ìyẹn àfọ́kù òkúta tó tún kó ara jọ. Ó jọ. Kò tíì fọwọ́ kan òkúta náà rí. Tó bá dáhùn nísinsìnyí, ọwọ́ irin á dì mọ́ ọn, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni tó máa mọ ohun tó jẹ́ mọ́ láéláé.

“Sùúbérù, máa bọ̀ nílé,” ó wí. “A jọ máa padà lọ. Mo fẹ́ lu ihò sí i.”

*

Baálẹ̀ dé yàrá náà kí Sùúbérù tó dé. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ó sì ti pẹ́ tí oorun ti fi ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá àga, ó jókòó, kò kí ẹnikẹ́ni.

“Abídèmí, mo gbọ́ pé o ti sọ òkúta di bàbá wa.”

“Àṣìṣe ni, Baálẹ̀. Ẹ má bínú.”

“N kò bínú. Tó bá jẹ́ àṣìṣe, tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.”

“Mo fẹ́ kọ́kọ́ wò ó ná. N kò mọ̀ bóyá òkìtì ni lóòótọ́.”

“Ṣé Akọ̀wé bi ọ́ pé kí ni òkúta jẹ́?”

Abídèmí gbójú sókè sí férémù òfin tó wà lára ògiri.

“Ohun tó wà lọ́kàn rẹ ló bi ọ́,” Baálẹ̀ wí. “Wò ó, ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni omi tó kù nínú táńkì máa gbé wa dé. Bí mo ṣe ń gé e, ó ń já. Tí yìnyín yìí kò bá wọlé, Máàsì ní àwọn á gba gbogbo wa, irinwó èèyàn ó lé méjìlá, kìkì ká sọ̀ kalẹ̀ wá. Ọkọ̀ wọn ti wà lójú ọ̀nà. Mo ti ń kọ orúkọ àwọn tó máa kọ́kọ́ lọ.” Ó wo ọwọ́ rẹ̀. “Orúkọ ìyá rẹ ni mo dé tí mo fi gbé kálámù sílẹ̀.”

“Mo gbọ́, Baálẹ̀.”

“Mo mọ̀ pé o gbọ́. Lọ wo òkúta rẹ.” Ó dìde pẹ̀lú ìnira. “Àmọ́ má wò ó títí tó fi máa wò ọ́ padà.”

*

Ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, wà lórí ibùsùn, ó ń fi òwú hun ìbọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tọrọ. Ó wà lára àwọn tó jó irin ilé àkọ́kọ́ ní Àgbékọ́ pọ̀, nígbà tí oyún Abídèmí wà nínú rẹ̀. Ìlú náà ń yí lọ́ra. Ìwúwo tó ń fún èèyàn kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ti Ayé lọ, ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta nínú irú ìfúyẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ti sọ egungun màmá náà di bí èèpo ẹ̀pà.

“Wọ́n ní òkúta kan ò jẹ́ ká mu omi,” ó wí, kò gbójú sókè.

“Ọ̀rọ̀ èdè ni, Màmá. Mo kọ ‘wọ́n’ níbi tó yẹ kí n ti kọ nǹkan mìíràn.”

“Èdè tí mo kọ́ ọ? Ìwọ tí o pé ọmọ ọdún mẹ́fà, o ṣì ń sọ ‘ó ti dé’ fún bàbá rẹ! Mo ń gbá ọ létí, o ń sunkún, o ní, ‘Ẹni kan ṣáà ni.’ Lónìí tí o wá ń pọ́n èèyàn lé, òkúta lo fi bẹ̀rẹ̀.”

Abídèmí rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn.

“Màmá, tó bá ṣẹlẹ̀ pé a ní láti lọ sí Máàsì…”

“Mi ò lọ.”

“Mo ní tó bá ṣẹlẹ̀.”

“Dókítà ti sọ fún mi, ó sì sọ fún ìwọ náà. Ọkàn mi ò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ gòkè níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sẹ́ni tó máa tẹ́ mi sílẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹja gbígbẹ, kí àwọn ọmọ tí mi ò mọ̀ máa wò mí.” Ó fa òwú. “Ẹsẹ̀ rẹ mélòó ni? Mo ti gbàgbé.”

“Méjìdínlógójì.”

“Ó ti tóbi jù. Èyí ò ní wọ̀ ọ́.”

*

Wákàtí méjì ni wọ́n fi rin ìrìn náà. Sùúbérù ló ń wakọ̀. Ó gbé ọkọ̀ dúró síbi àádọ́ta mítà tí Akọ̀wé gbà fún un, àwọn méjèèjì sì wọ aṣọ ìta, wọ́n fi okùn so ara wọn mọ́ ọkọ̀, wọ́n fò sọdá. Òfin kò sọ pé kí olùkà òkúta má fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n. Lílọ̀ ló kà léèwọ̀.

Òkúta náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò tóbi, ọ̀ọ́dúnrún mítà láti orí dé ìdí, ó sì ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ Òòrùn kékeré. Abídèmí gbé ẹ̀rọ ìluhò lé e, ẹ̀rọ àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń fà jáde ni ọ̀pá òkúta kan tó gùn tó apá, tó rí roboto. Sùúbérù di í mú.

“Kí ló tilẹ̀ wà nínú nǹkan yìí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ bí ààfin?” ó bi í.

“O ti rí ilé tí wọ́n kọ́ tán, tí wọn ò kó bíríkì tó ṣẹ́kù kúrò?”

“Ilé àna mi rí bẹ́ẹ̀.”

“Ibi tá a wà yìí nìyẹn. Kí Òòrùn tó di Òòrùn, ìkùukùu ni gbogbo rẹ̀, eruku àti afẹ́fẹ́. Ó ń wọ́ jọ, ó ń yí. Èyí tó pọ̀ jù rọ́ lọ sáàárín, ó gbóná, ó gbiná. Èyí tó kù tẹ́ pẹrẹsẹ yí i ká bí àwo. Nítòsí iná, yìnyín ò lè dúró, òkúta àti irin nìkan ló kó jọ níbẹ̀. Wọ́n di Ayé, wọ́n di Máàsì àti àwọn méjì yòókù. Lọ́hùn-ún tó tutù, yìnyín pọ̀, Júpítà sì ti tètè dé ìdí àwo. Ó jẹ, ó yó, ó tóbi.”

“Kí ló wá dé àwa tá a wà láàárín?”

“Ohun kan fẹ́ di ilé níbí. Àmọ́ bí bíríkì méjì bá ti fẹ́ so mọ́ra, Júpítà á fà á. Wọ́n kàn ń forí gbárí. Kò tíì dáwọ́ dúró dòní.”

“Àna mi náà nìyẹn,” Sùúbérù wí. “Ẹ wò ó, funfun wà nínú ẹ̀.”

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́: hóró funfun wínníwínní nínú òkúta dúdú, bí iyọ̀ tó dà sínú èédú. Àwọn ni ohun líle tó kọ́kọ́ dì nínú gbogbo agboolé Òòrùn, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń tutù. Láàárín wọn ni àwọn ìlẹ̀kẹ̀ roboto tó jẹ́ pé iná yọ́ wọn, tí wọ́n sì tún dì kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣe wọ́n. Eruku àti yìnyín di àlàfo tó kù. Abídèmí ti rí irú rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún òkìtì. Hóró àtijọ́ kò sọ òkúta di ẹ̀gbọ́n, bí bíríkì àtijọ́ kò ṣe sọ ilé tí a wó tí a tún kọ́ di ilé àtijọ́. Nínú ẹgbẹ̀rún méjì òkúta tó ti kà, mẹ́ta péré ni kò wó rí.

“Báwo lẹ ṣe máa mọ̀?” Sùúbérù bi í.

Ó mú abẹ́rẹ́ òòfà jáde nínú àpò, ó di í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá òkúta náà. “Irin wà nínú eruku yẹn, kékeré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Nígbà tí wọ́n ń balẹ̀, ìkùukùu náà ní òòfà tirẹ̀. Hóró irin kọ̀ọ̀kan kọjú sí i kó tó jókòó. Tó bá jẹ́ òkìtì ni, àfọ́kù kọ̀ọ̀kan á ti yí sí ibi tó wù ú.”

Abẹ́rẹ́ náà gbọ̀n, ó yí, ó dúró. Abídèmí fi ọ̀dà fa ọfà sára ọ̀pá náà. Wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n lu ihò mìíràn. Abẹ́rẹ́ yí, ó dúró. Ó fa ọfà. Wọ́n lọ sí orí òkúta, wọ́n lọ sí ìdí rẹ̀, wọ́n lu ihò méjì tó jinlẹ̀ títí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, ọ̀pá mẹ́fà wà nílẹ̀, wọ́n tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà nínú òkúta gan-an. Sùúbérù tẹ̀ síwájú, ó wo ọfà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

“Súbúhánálláhì,” ó wí. “Gbogbo wọn kọjú sí Kìbúlà kan ṣoṣo.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbé ọwọ́ sókè láti bo ẹnu, ọwọ́ náà sì gbá awò àṣíborí rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” Abídèmí wí.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ò rí nǹkankan o.”

“Ìwọ lo sọ̀rọ̀ Kìbúlà.”

“Ẹnu mi ló yọ̀.” Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ìluhò. “Ẹ̀rọ yìí, ṣé Akọ̀wé ń rí ohun tó bá fà jáde?”

“Rárá. Ó ti dàgbà ju Akọ̀wé lọ, rédíò aṣọ wa náà kì í sì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó ń kó okùn jọ kánmọ́kánmọ́. “Ẹ má jẹ́ kí n bá yín jiyàn, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Àmọ́ ọmọ mẹ́ta ni mo bí sí Àgbékọ́. Èyí àbíkẹ́yìn ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ibi tó wúwo rí. Òkúta yìí ti pẹ́ láyé. Ó ti pẹ́ láyé ju ayé lọ. Kí ló tún kù tó fẹ́ rí?”

Abídèmí kó àwọn ọ̀pá náà sínú àpò. Wọn kò wúwo níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ èjìká ń ro ó.

*

Lójú ọ̀nà, ó pa ojú dé, ó ń wá ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Ì bá dùn mọ́ ọn ká ní ó ti gbàgbé. Àmọ́ ó rántí. Wákàtí kẹtàdínlógún iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Ojú ń ta á. Ìmọ́lẹ̀ àwọn hóró funfun náà ń hàn lórí gíláàsì, ó sì ń rò ó pé wọ́n mà pọ̀ o. Ó rántí ìgbà tó tẹ “wọ́n”. Púpọ̀ ló ní lọ́kàn. Kò pọ́n òkúta kankan lé. Àṣìṣe rẹ̀ ló ṣèèṣì sọ òtítọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti takókó. Tó bá sọ òótọ́ fún Akọ̀wé, wọ́n á lọ ẹ̀gbọ́n, ìyá rẹ̀ á sì máa hun ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ. Tó bá fẹ́ kí òkúta yè, àfi kó purọ́ pé àpọ́nlé ni, tàbí kó da ọ̀pá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì níwájú gbogbo ayé. Irọ́ á gbà á là, ẹ̀rí náà á gbà á là. Méjèèjì ló máa gbé Àwẹ̀ró lọ síbi tó wúwo.

Baálẹ̀ ń dúró dè é nínú yàrá ìkàwé òkúta. Ojú rẹ̀ lọ sára àpò náà, ó sì kúrò níbẹ̀.

“Kí lo rí níbẹ̀?” ó bi í. Kí Abídèmí tó la ẹnu, ó ti gbé ọwọ́ sókè. “Dúró. Má dá mi lóhùn. Ó ti rẹ̀ mí, Abídèmí. Tí o bá sọ fún mi, màá mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè Akọ̀wé ni kí o dáhùn.”

“Ẹ káàbọ̀, Màmá,” Akọ̀wé wí. “Nígbà tí ẹ kọ ‘wọ́n’, ṣé púpọ̀ lẹ ní lọ́kàn, àbí àpọ́nlé?”

Abídèmí gbé àpò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pá méjì kan ara wọn nínú rẹ̀, ó dún kọ́.

“Púpọ̀,” ó wí. “Hóró funfun ni mò ń sọ.”

“Ṣé ẹ lè búra sí i?”

“Mo búra.”

“Ẹ ṣeun. Mo ti tún un kọ. Ó ti ṣí. Ọkọ̀ lè lọ mú un nígbàkigbà.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yá nìyẹn. Ó ti ṣí. Mú un. Etí Abídèmí gbọ́ ọ bí ìgbà tí ọmọdé bá la ẹnu pe àgbà ní “ìwọ” láàárín ọjà. Baálẹ̀ fi ẹ̀yìn ti àga, ó mí kanlẹ̀.

“Ṣé ohun kan wà tí ẹ fẹ́ fi kún un?” Akọ̀wé bi í.

Baálẹ̀ ń wo ilẹ̀.

“N kò fẹ́ fi nǹkankan kún un,” Abídèmí wí.

Kò purọ́. Ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò látòkèdélẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò sì rí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

*

Ọjọ́ mẹ́ta ló gba àwọn òṣìṣẹ́ láti to Ọlọ sí ipò, ẹ̀rọ ńlá tó ń fọ́ òkúta, tó ń lọ̀ ọ́, tó sì ń yan yìnyín inú rẹ̀ di omi. Abídèmí tọrọ ọjọ́ mẹ́ta náà. Ó ní òun fẹ́ kọ́ nípa àwọn òkìtì oníyìnyín. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó lu ihò títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ní ọjọ́ kejì, Sùúbérù dé láìjẹ́ pé ó pè é, ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ àwàdà kankan. Wọ́n fa ọ̀pá mọ́kàndínlógún jáde. Kíka òkúta náà tán ì bá gba ọ̀pá tó ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ó kọ ohun tó rí sínú ìwé bébà tí Akọ̀wé kò mọ̀: bí yìnyín ṣe yọ́ díẹ̀ níbi kan nígbà kan rí, tí omi rẹ̀ ṣan lọ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, tó sì tún dì, bí ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣe gbé hóró funfun kan mì láì lọ̀ ọ́. Nínú ìwé yẹn, “wọ́n” ló ń pè é. Ó ń kọ ọ́, ó ń sùn lórí rẹ̀, ó ń jí, ó ń kọ ọ́ lọ. Ó ka bíi mítà mọ́kànlá nínú ọ̀ọ́dúnrún.

Nígbà tí Ọlọ bẹ̀rẹ̀, kò sí ariwo. Afẹ́fẹ́ kò sí níta láti gbé e. Ó kàn rí eruku dúdú tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, tó ń tàn yẹ́ẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, hóró kọ̀ọ̀kan tó ti kọjú sí ibì kan fún bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ọdún ń yí, ó ń ta kọ́sọ́kọ́sọ́, ó ń wo ibi gbogbo. Abídèmí wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ sùn, ó sì sùn fún wákàtí mẹ́rìnlá.

Ariwo ayọ̀ ló jí i. Omi ti wọ táńkì. Àwọn èèyàn ń pín in káàkiri nínú ife, wọ́n ń bu mu láìwọ̀n ọ́n, àwọn ọmọdé ń tú u síra wọn lórí. Sùúbérù rí Abídèmí ní ọ̀ọ́kán, ó gbé ife kan lé e lọ́wọ́, ó sì kúrò níbẹ̀ kíákíá. Abídèmí gbé ife náà lọ fún ìyá rẹ̀.

Àwẹ̀ró gbé òwú sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mu díẹ̀, ó pa ojú dé, ó mu gbogbo rẹ̀ tán. Omi díẹ̀ ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀.

“Háà,” ó wí. “Láti ìgbà tí mo ti ń mu omi tó ti gba inú Baálẹ̀ kọjá, tó tún gba inú gbogbo ìlú padà wá sọ́dọ̀ mi. Èyí yàtọ̀. Kò tíì sí ẹnu kankan tó kàn án. Omi tuntun gbáà ni, àbí?”

Ó na ife náà sí ọmọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó sì ń dúró de èsì.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá,” Abídèmí wí. “Tuntun ni.”